Àpótí wúfà àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kàn: adípa, oníhò, tàbí oníyàrá méjì?

Ẹni tó bá wọ ọjà Alaba láti ra wúfà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Íńṣì mélòó?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé èyí tí wọ́n kọ "3000 wáàtì" sí ẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó máa béèrè irú àpótí tí ẹ fẹ́ kó o sí. Bẹ́ẹ̀ àpótí yẹn gan-an ló ń pinnu báàsì tí ẹ máa gbọ́. Ẹ gbé wúfà kan ṣoṣo sínú àpótí mẹ́ta, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa fọ̀.

Ẹni tó fẹ́ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kó gbọ́ orin dáadáa ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé wúfà lọ òde àríyá, tàbí tó fẹ́ kí ilé mì nígbà tí bọ́ǹbù bá dún nínú fíìmù, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, mo sì máa kàn án débẹ̀ ní ṣókí.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú orin tí ẹ ń gbọ́. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin ń dún ní 41 Hz, ìyẹn ni pé ó ń mì lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bí Hz bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe ń wọlẹ̀ tó. Ti olókùn márùn-ún ń lọ sí 31 Hz. Jùjú àti háíláìfù kì í sábà sọ̀kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Orin ìsinsìnyí, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe báàsì rẹ̀, ló máa ń wọlẹ̀ lọ, òun ló sì máa ń tú àṣírí àpótí tí kò dáa. Ní ti fújì àti àpàlà, orí àwọn sípíkà yín tó kù ni ohùn gángan ti ń jáde. Iṣẹ́ wúfà níbẹ̀ ni kó fi ara kún àwọn ìlù tó nípọn, kó má sì bo ìlù tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn orin, iná. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi iná NEPA gbọ́ orin láti àárọ̀ dalẹ́. Ínfátà ni, tàbí sólà. Iye wáàtì tí wúfà bá ń bèèrè lọ́wọ́ áńpù ló máa sọ iye wákàtí tí bátìrì máa fi dúró. Àyè inú yàrá tún wà níbẹ̀, àti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri. Owó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó àpótí kọ́ ló máa pa yín: wúfà àti áńpù ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, ìyàtọ̀ àpótí kan sí èkejì kò ju nǹkan bí ìdajì pátákó plywood lọ.

Èyí tí mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwé wúfà. Ní 1961, Neville Thiele, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ọsirélíà, gbé ìṣirò kan jáde lórí àpótí oníhò. Richard Small tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ nọ́ńbà Thiele/Small sínú ìwé tó bá wúfà wá. Mẹ́ta ni kí ẹ wá níbẹ̀. Fs ni iye ìgbà tí pépà wúfà máa ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Qts ń sọ bí mágínẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà etí rẹ̀ ṣe ń kó ìmì yẹn níjàánu. Vas ni iye lítà afẹ́fẹ́ tí líle rẹ̀ bá ti rọ́bà wúfà náà dọ́gba. Bí ẹ bá ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè kọ wọ́n sínú WinISD, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, á sì ya àwòrán báàsì tí ẹ máa gbọ́ kí káfíńtà tó fi ayùn kan pátákó.

Wúfà tí kò ní ìwé ńkọ́? Òun ló kún ọjà. Ẹ má jẹ́ kí wáàtì ńlá tí wọ́n kọ sí i lára tàn yín jẹ. Iye iná tí wúfà lè gbà kó tó jóná nìyẹn, bó bá tilẹ̀ jóòótọ́; kò sọ nǹkan kan nípa bí báàsì rẹ̀ ṣe máa dún.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú wúfà íńṣì mẹ́wàá kan tí Fs rẹ̀ jẹ́ 30 Hz, Qts 0.40, Vas 50 lítà. Òun la ó máa gbé látinú àpótí kan bọ́ sínú òmíràn.

Àpótí adípa

Àpótí olójú mẹ́fà ni, kò ní ihò kankan àfi ojú wúfà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì: bí pépà bá wọlé, afẹ́fẹ́ á tì í jáde, bó bá jáde, á fà á padà. Ní 1954 ni Edgar Villchur fi àpótí AR-1 han àwọn ará Amẹ́ríkà pé àpótí kékeré tó dí pa lè fọ báàsì tó jinlẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì gbà pé àpótí tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló lè ṣe é.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi iye lítà àpótí pín Vas, ẹ fi 1 kún èsì rẹ̀, ẹ tẹ àmì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín, kí ẹ wá fi Qts sọ ọ́ di púpọ̀. Qtc ni wọ́n ń pe ohun tó bá jáde. Bó bá wà ní nǹkan bí 0.7, báàsì tẹ́jú dáadáa nìyẹn. Wúfà wa nínú àpótí 24 lítà á fún wa ní 0.70, báàsì rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 53 Hz. Ẹ wá wò ó bí káfíńtà bá ṣe é ní 15 lítà: Qtc á di 0.83. Bó bá ṣe é ní 35 lítà, 0.62. Létí, èyí tó kéré á sanra díẹ̀ láàárín, èyí tó tóbi á gbẹ díẹ̀ àmọ́ á jinlẹ̀ sí i. Kò sí èyí tí ẹ máa gbé sọnù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn adípa fún ẹni tó ń kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: ó máa ń dárí àṣìṣe jini.

Ohun tó fi ń sanwó rẹ̀ ni agbára nísàlẹ̀. Láti 53 Hz lọ sílẹ̀, ohùn á máa dín ní 12 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) nígbàkigbà tí iye Hz bá já sí ìdajì. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé 41 Hz tí okùn gìtá báàsì wà, nǹkan bí 6 dB ti lọ. Yàrá máa ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ẹ gbé wúfà sí kọ̀rọ̀ níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ẹ máa gbọ́ pé ó kún sí i. Ṣùgbọ́n yàrá tó ní fèrèsé lúfà kò ní ràn yín lọ́wọ́ tó yàrá tó dí, nítorí àárín gíláàsì ni báàsì náà ń gbà lọ. Ẹ lè fi áńpù gbé ìsàlẹ̀ yẹn sókè o, àmọ́ ẹ rántí pé nígbàkigbà tí ẹ bá sọ Hz di ìdajì, pépà ní láti rìn ní ìlọ́po mẹ́rin kí ohùn tó lè ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Wúfà olówó pọ́ọ́kú kì í ní ìrìn yẹn lẹ́sẹ̀.

Bí ẹ bá ti kàn án tán, ẹ gbé ìka mẹ́rin lé pépà wúfà káàkiri, ẹ rọra tì í wọlé déédéé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bó bá fi pẹ̀lẹ́ padà sáyè rẹ̀, àpótí ti dí. Bó bá fò padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń jò níbì kan. Ẹ tan oògùn ẹ̀fọn oníkáká, ẹ jẹ́ kí báàsì máa lu, kí ẹ sì máa gbé èéfín rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú pátákó tó so pọ̀ àti ibi tí wáyà ti jáde. Ibi tí èéfín bá ti ń gbọ̀n pẹ̀lú ìlù ni jíjò náà wà, ibi tí wáyà ti jáde ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àpótí oníhò

Albert Thuras ti Bell Labs ló gba ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1932. Bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò tó ti tán tí ìgò á fi dún "hùúù", bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú páìpù àpótí yìí ṣe máa ń dún ní Hz kan pàtó, tí títóbi àpótí, ìbú páìpù àti gígùn rẹ̀ jọ pinnu. Ní Hz yẹn, páìpù ló ń fọ ohùn, pépà wúfà kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ohùn ẹ̀yìn wúfà tí adípa ń há mọ́nú, oníhò ń fi í ṣiṣẹ́.

Fún wúfà wa, àpótí 55 lítà tí ihò rẹ̀ ń dún ní 30 Hz ló bá a mu. Á gbé báàsì tó tẹ́jú títí dé nǹkan bí 28 Hz, tó fi jẹ́ pé okùn karùn-ún gìtá báàsì pàápàá wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí adípa ní 41 Hz tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ wáàtì. Ibi tí adípa bá ti fẹ́ 70 wáàtì, oníhò á fi 20 ṣe é. Ẹni tó ń fi bátìrì gbọ́ orin mọ ohun tí mò ń sọ.

Gígùn páìpù: ẹ fi ìbú inú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ sọ èsì yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú 23562, kí ẹ fi Hz × Hz × lítà pín in, kí ẹ wá yọ ìbú páìpù tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.73 kúrò. Páìpù íńṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, á gùn tó 40 cm. Bí ẹ bá lo ti íńṣì mẹ́ta, 21 cm péré ni, yóò sì rọrùn láti fi sí i, àmọ́ bí orin bá ròkè ẹ máa gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń sú "fùú fùú" lẹ́nu rẹ̀. Ẹ lo ti íńṣì mẹ́rin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé: 55 lítà yẹn ni ohun tó máa kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ àyè páìpù, ara wúfà àti igi ìfàmọ́ra inú kúrò. Lítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni wọ́n máa jẹ. Nítorí náà, kí inú àpótí jẹ́ 40 cm lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó jẹ́ 64 lítà. Ẹ ti rí i pé páìpù 40 cm kò lè dúró gbọọrọ nínú àpótí 40 cm, nítorí ẹnu rẹ̀ tó wà nínú gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó ìbú ara rẹ̀. Ẹ ra ẹ́líbò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò púlọ́ńbà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi okùn wọn gígùn rẹ̀ gba àárín páìpù.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Nísàlẹ̀ 30 Hz, afẹ́fẹ́ inú àpótí kò di pépà mú mọ́. Páìpù ń tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ lásán, pépà á máa sáré bó ṣe wù ú, kọ́ìlì á sì máa gbá ẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá áńpù tó ń gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 25 Hz kúrò. Ohùn tún ń já wálẹ̀ níbẹ̀ ní 24 dB, ìlọ́po méjì ti adípa. Èyí tó tún burú jù ni pé oníhò tí wọn ò ṣírò kì í fi ọ̀rọ̀ bò: gbogbo okùn gìtá á máa dún ní ohùn kan ṣoṣo, gbùm, gbùm, gbùm, bí akọrin bá pààrọ̀ ohùn kò ní pààrọ̀. Àwọn káfíńtà tó ń kan àpótí fún òde àríyá máa ń gé ihò rẹ̀ kí ó dún sókè, ní 50 Hz sí 60, nítorí pé ariwo ni oníbàárà wọn ń sanwó fún, ibẹ̀ sì ni ariwo wà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé kí wọ́n kan irú rẹ̀ fún pálọ̀ yín, ẹ máa rí ohun tí ẹ ò fẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún wúfà mọ́tò tokunbo pẹ̀lú. Kì í ṣe pé kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn, wọ́n sì lágbára. Inú mọ́tò kéré, ó sì dí, ó máa ń gbé báàsì ìsàlẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Àpótí kékeré tí wọ́n yà sínú ìwé rẹ̀ ti ka ìrànlọ́wọ́ yẹn mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbé e wá sí pálọ̀, báàsì á tín-ín-rín.

Àpótí oníyàrá méjì, àti oníkọ̀rọ̀

Nínú oníyàrá méjì, inú lọ́hùn-ún ni wúfà wà, lára pátákó tó pín àpótí sí méjì. Yàrá kan dí, èkejì ní ihò, ihò yẹn nìkan ló sì ń fọ̀. Ó máa ń pariwo gan-an láàárín Hz díẹ̀. Ìdí tí àwọn onímọ́tò àti àwọn tó ń ṣe òde fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ìṣirò yàrá méjì ni, àṣìṣe kékeré nínú ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́, ẹ ò sì ní rí pépà wúfà láti mọ̀ pé ó ti ń jìyà. Kódà ohùn wúfà tó ń já máa ń pa mọ́ síbẹ̀ títí kọ́ìlì á fi jó. Fún orin gbígbọ́, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀.

Oníkọ̀rọ̀, tí wọ́n ká ọ̀nà gígùn mọ́ inú rẹ̀, lè dùn gan-an. Ṣùgbọ́n fún 30 Hz, ọ̀nà náà ní láti gùn tó nǹkan bíi mítà 2.86. Pátákó tó máa jẹ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi dìgbà tí ẹ bá fẹ́ kan èkejì.

Áńpù, bátìrì, pátákó

Bọ́ọ̀dù áńpù TPA3116 kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́jà tó fún àpótí àkọ́kọ́. Lórí 12 V àti wúfà 4 ohm, kò ní fún yín ju bíi 18 wáàtì lọ, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sí ojú páálí rẹ̀. Ní 21 V ó ń tó 50 wáàtì fún ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ 26 V ni òpin iná tí wọ́n ní kó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní bátìrì méjì tó so pọ̀ sí 24 V, tó wá so bọ́ọ̀dù yìí mọ́ ọn tààrà, kó rántí pé bí sólà bá ń gbá iná sínú bátìrì lọ́sàn-án, iná náà máa ń ju 28 V lọ. Ẹ fi ohun tó ń dín iná kù sáàárín wọn. Ẹ sì ra bọ́ọ̀dù tó ní ibi tí ẹ ti lè gé ohùn tó bá ju 80 Hz lọ kúrò, torí bí wúfà bá ń sọ ohùn akọrin, ẹ máa mọ ibi tí wọ́n gbé e sí nínú yàrá, orin á sì já sí méjì.

Ní ti pátákó, plywood tàbí MDF tó nípọn tó 18 mm. MDF ń dákẹ́ dáadáa, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ bí omi bá kàn án nígbà òjò, á wú, kò sì ní padà. Maríìnì bọ́ọ̀dù ni mo máa fi ṣe tèmi ní ilẹ̀ tó bá ń rin. Ẹ fi Top Bond àti síkúrù so ó, kì í ṣe ìṣó lásán. Ẹ fi igi kan fa ògiri méjì tó kọjú síra mọ́ra láàárín, kí ẹ wá fi eegun ìka kan ògiri náà: ó gbọ́dọ̀ dún "kọ" kó sì parí síbẹ̀.

Kí ẹ tó dè é, ẹ mú bátìrì rédíò oní-1.5 V, ẹ fi + rẹ̀ kan + wúfà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Pépà gbọ́dọ̀ fò síta. Bó bá wọlé, wọ́n ti kọ àmì rẹ̀ sódì, báàsì yín á sì máa bá ti sípíkà tó kù jà.

Ta ni kó mú èwo?

Bí wúfà yín kò bá ní ìwé, adípa ni, kò sí àríyànjiyàn: 25 sí 30 lítà fún íńṣì mẹ́wàá, 40 sí 50 fún íńṣì méjìlá. Adípa náà ni fún ẹni tó ń gbé inú yàrá kan ní face-me-I-face-you. Báàsì tó jinlẹ̀ kì í mọ ògiri, 30 Hz tó dùn mọ́ yín ló ń mi ibùsùn ẹlòmíràn.

Bí ìwé bá wà, ẹ wá Qes nínú rẹ̀ (ìjánu tí mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ń fi sí ìmì wúfà) kí ẹ fi pín Fs. Èsì tó bá wà nítòsí 50 tàbí tó kéré sí i, wúfà adípa ni. Tó bá sún mọ́ 100, wúfà oníhò ni. Tó bá bọ́ sí àárín, ẹ wo iná yín. Ẹni tó ń gbọ́ orin lórí bátìrì, tó ní káfíńtà tó máa gbà kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà wọn iṣẹ́ rẹ̀, kó mú oníhò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ràn orin ìsinsìnyí tí báàsì rẹ̀ ń wọlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé jùjú àti àpàlà ló ń gbọ́ lálaalẹ́, tí kò sì fẹ́ ariwo, adípa á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń ṣe òde àríyá, kó lọ bá àwọn káfíńtà òde. Tiwọn ló ń wá.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyè méjì, ẹ kan oníhò 55 lítà yẹn, kí ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù yọ síta díẹ̀, kí ẹ sì ra ìdérí páìpù íńṣì mẹ́rin mọ́ ọn. Ẹ dé e, ẹ ti ní adípa tí Qtc rẹ̀ jẹ́ 0.55. Ẹ ṣí i, oníhò ti padà. Ẹ fi orin kan náà dán méjèèjì wò kí ẹ tó kun àpótí.